Ohun Tí Bàbá Ń Gbé Lọ Sórí Àpáta Rẹ

Ilé Bàbá Abelardo,
Caleta El Peñasco,
Coquimbo, Chile.
22 Oṣù Kẹsàn-án, 2011.

Ulises, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ìwakùsà yẹn ò pa ọ́ lára? Ìyàwó wa Jacinta ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá Rayén jà ti fi í sílẹ̀? Mo gbọ́ pé eruku Calama ò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Ẹ máa fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú oyin, kí ẹ sì máa fi aṣọ bò ó láyà. Àwa náà wà níbí. Ẹsẹ̀ mi tó máa ń wú ti rọlẹ̀. Etí Bàbá ló tún di sí i. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó ń kọjá á rò pé ìjà ni à ń jà. A ṣe ọdún ìlú ní ọjọ́ kejìdínlógún. Mo yan empanada ẹlẹ́ran púpọ̀, àmọ́ ibi tí o máa ń jókòó sí ṣófo.

Mi ò fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá fẹnu sọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí, ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Jọ̀wọ́, kà á dópin kí o tó bínú.

Lóṣù tó kọjá, òkun ru fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó rọlẹ̀, etí òkun kún fún huiro, ewéko òkun wa, tí ìgbì ti fà tu nínú igbó abẹ́ omi, tewétewé, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gbogbo ilé tú jáde. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá tètè fà á ni yóò sá a sóòrùn, yóò sì tà á. Èmi àti Zunilda, aládùúgbò wa, ti ń wọ́ tiwa lọ sókè nígbà tí mo rí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀ nínú iyanrìn tútù, tí wọ́n ń fi ìka ya gbòǹgbò huiro bí ẹni tó ń tú irun ọmọ. Wọ́n ń yọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: akàn tí kò tó èékánná, ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ọmọ ẹlẹ́gùn-ún, ẹ̀dá òkun roboto tí ẹ̀gún bò lára, tó dà bíi bọ́tìnnì, ẹja kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta, àti ọmọ loco, ìgbín òkun wa, tí ìkarawun rẹ̀ ò tíì le. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni wọ́n ń kó wọn sí.

Zunilda kígbe sí wọn pé, "Bàbá Abelardo, ìgbà wo lẹ di agbẹ̀bí akàn? Huiro ń tán lọ o, ẹ̀yin ń tọ́ ọmọ!"

Bàbá mirí, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó tutù gan-an."

A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, tí wọ́n kọrí sí ọ̀nà àpáta, ẹ̀rín dá lẹ́nu mi. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lórí òkúta tó ń yọ̀! Mo ju huiro mi sílẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n sì dúró, mo mọ ibẹ̀. Àpáta tìrẹ ni.

Láti ọdún méje tí o ti lọ, mi ò débẹ̀ mọ́. Bó ṣe rí lẹ́yìn tí o fi ọ̀pá irin hú gbogbo huiro ibẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ apẹja kà léèwọ̀, ni mo rántí. Àwọn ẹlẹ́gùn-ún dúdú bò ó, wọ́n ń jẹ gbogbo èyí tó bá fẹ́ hù, àpáta náà pá bí orí àgbàlagbà. Kò sí akàn, kò sí ìgbín. Mo sì rántí ohun tí Bàbá sọ sí ọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ apẹja, pé ẹni tó bá wó ilé àwọn tí kò lè sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ sùn nílé wa mọ́.

Ulises, huiro ti hù níbẹ̀. Ó ga jù mí lọ! Omi ti fà lọ́jọ́ náà, mo rí ìdí rẹ̀, ó nípọn bí itan. Bàbá da bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn akàn sì sá wọnú gbòǹgbò bí ọmọ tó rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Mo kígbe sí wọn létí pé, "Bàbá, ta ló ṣe èyí?"

"Ta lo rò? Gbogbo ìgbà tí omi bá fà ni mò ń wá ṣa ẹlẹ́gùn-ún kúrò. Lọ́dún kìíní, kò hù. Lọ́dún kejì, kò hù. Mo bú u títí."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan!"

"Kí ni n ó sọ? Pé mo lé ọmọ mi lọ tán, mo wá ń tọ́jú àpáta rẹ̀?" Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mi ò mọ lẹ́tà kọ, Edelmira. Èyí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi nà ọ́ níwájú ẹgbẹ́. Ọwọ́ òsì tó yẹ kí wọ́n fi fà ọ́ mọ́ra, àpáta ló gbà á lọ. Bí a ṣe ń padà, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n di apá mi mú. Mo wá mọ bí bàbá wa ṣe fúyẹ́ tó.

Ohun tí mo ń sá fún rèé. Ulises, kì í ṣe Gastón ló tú àṣírí rẹ. Èmi ni. Mo rí ọ pẹ̀lú ọ̀pá irin náà láàárọ̀ kùtù, mo sì lọ sọ fún alága ẹgbẹ́. Mo rò pé wọ́n á kàn kìlọ̀ fún ọ ni. Nígbà tí o wá fẹ̀sùn kan Gastón, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, mo panu mọ́. O ò wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, mo ṣì panu mọ́. Òun alára mọ̀ pé èmi ni, kò sì dárúkọ mi lọ́jọ́ kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ṣé o ti sọ fún òun fúnra rẹ̀?"

Mo ti wá sọ fún ọ báyìí. Bí o bá fẹ́ bú mi, bú mi, mo tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kọ̀wé sí Gastón kí o tó kọ sí mi.

Bá mi kí Jacinta, kí o sì fẹnu ko Rayén lẹ́nu fún mi. Zunilda ní òun kí ọ, ó ní kí Calama má sọ ọ́ di ènìyàn ńlá. Bàbá ò ní kí n pè ọ́ wálé o. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, wọ́n wú aṣọ rọ́bà tí o fi ń wọ òkun jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń lẹ orúnkún rẹ̀ tó ti ya. Wọ́n kígbe bi mí pé, "Ṣé Ulises ti sanra?" Mo ní mi ò mọ̀.

Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má sanra jù."

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi, tí ìfẹ́ rẹ ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí,
Edelmira.