Ẹni Tó Bọ́ Sẹ́yìn Mi Nínú Ọgbà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé wa,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ojú tó ń ta ọ́ nítorí kọ̀ǹpútà ti sinmi díẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Tí mo bá pè ọ́, ẹkún ni màá sun, ìwọ á sì máa ṣàwàdà kí n lè dákẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

Mo dúpẹ́ fún eré orí kọ̀ǹpútà tí o kọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti kó kúrò nílé ọkọ, tí mo bá ti gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní ilé ìfọṣọ, ọgbà òdòdó tí mo gbìn sẹ́bàá odò inú eré yẹn ni mo máa ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi mí níbẹ̀ pé ibo ni mo ti ń bọ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí o jókòó ní kíṣìnnì mi, tí inú rẹ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, tí o ń ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun tí o kọ sínú eré náà. O ní bí ènìyàn bá ti tẹ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á wo ibi tí ọ̀rẹ́ náà dúró sí, á sì gbé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ débẹ̀ kíá. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ náà ló ń gbé e sí, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Mo pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti ìwọ jọ wà nínú ọgbà. O ń gé koríko, mo ń bomi rin òdòdó. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn lẹ́yìn wa, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ kó tó gbé ọwọ́ sókè: "Ìyàwó mi, ṣé o rò pé mi ò ní rí ẹ ni?" Mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri, mo sì sáré lọ ti ilẹ̀kùn ilé.

Nígbà tí o pè mí, o ní mo gbàgbé láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò gbàgbé o. Ọjọ́ tí mo kó jáde ni mo ti yọ ọ́. Orúkọ tìrẹ ló tẹ̀, torí ọ̀rẹ́ rẹ ló ṣì jẹ́ nínú eré náà, ó sì bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ìwọ lo ṣì ń pè é ní bọ̀ọ̀dá mi, tí o ní ìjà tọkọtaya ò kàn ọ́. Mi ò pè ọ́ ní ikú ilé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà rí nǹkan kí wọ́n tó ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Jọ̀ọ́, tún iṣẹ́ yẹn ṣe. Kó máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá bá, àti lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró tì í. Àmọ́ kí o tó ṣe ìyẹn, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Èyí ò gba ọpọlọ, ọkàn ló gbà.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní di ẹkún fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó pọ̀n ọ́ dàgbà.

Àfikún: Má wá mi nínú eré mọ́. Mo ti yọ orúkọ tìrẹ náà láàárọ̀ yìí, mo sì sunkún kí n tó tẹ̀ ẹ́. Tí o bá ti yọ tirẹ̀, máa bọ̀ nílé. Ìwọ mọ ilé, òun ò mọ̀ ọ́n. Jọ̀wọ́, má jẹ́ kó tẹ̀ lé ọ wá.