Ènìyàn Mẹ́jọ Tí Mo Kà Nílé Wa

Àdúgbò Ìlagi,
Ìlọ́fà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1978.

Fúnmilọ́lá, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ìwọ ńkọ́, Adégbóyèga ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nídìí oúnjẹ, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí ibùsùn àìsàn. Èmi náà wà. Ara mi le, orúnkún ọ̀tún nìkan ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ti ń kọ ebè. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, akọ kan, abo kan. Akọ yẹn jọ Adégbóyèga níwájú orí, ṣùgbọ́n má sọ fún un pé èmi ni mo wí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n di ẹrù mi, pé lẹ́yìn Àjíǹde Adégbóyèga ń bọ̀ pẹ̀lú píkọ́ọ̀pù láti wá kó mi lọ sí Kàdúná. O ní kí ni mo tún ń ṣe ní àdúgbò tí ẹ̀rọ ìlagi ti kú, tí gbogbo ènìyàn ti kó lọ, tó ku èmi àti Tìjání bí eyín méjì lẹ́nu arúgbó. Mo ka ibẹ̀ yẹn sí Tìjání létí. Ó bínú, ó ní eyín òun pé. Mo ní kó yanu ká wò ó, ó kọ̀. Ó ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kí n má kí ọ púpọ̀.

N óò dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ Kàdúná, má kánjú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tó dé bá wa, torí bí o bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lónìí, ilé bàbá rẹ ni wàá dúró níwájú rẹ̀ tí wàá máa bi èrò pé níbo nilé bàbá mi.

O mọ bí ibí ṣe rí láti ìgbà tí òyìnbó onípákó ti gé àwọn igi ńlá tán tó bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ń to gẹdú sí di igbó, òkìtì ìyẹ̀fun pákó di ilé alángbá, ẹ̀rọ dípẹtà, koríko sì ti dé ẹnu ọ̀nà wa, ó kù kó kan ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a ń wa iṣu, ìjọba kéde pé ní Ìlọ́fà ni gbogbo ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ìpínlẹ̀ Kwara yóò ti wá bá ara wọn díje, kí wọ́n sáré, kí wọ́n fò. Wọ́n wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì fẹ̀ káàkiri, kò sí, àfi Ìlagi.

Èmi ò tíì gbọ́ gbogbo ìyẹn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ àti ìwé. Wọ́n wọ ilé, wọ́n wo yàrá, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n wá ní Bàbá, ènìyàn mélòó ló lè sùn nílé yìí. Ọmọ mi, mo ní ìkànìyàn ti tún dé. O rántí èyí tó kọjá, bí mo ṣe sọ òtítọ́ bí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ìlú kan tí n kò ní dárúkọ ka oyún inú, tí wọ́n tún ka òkú mọ́ ọn. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, Ìlọ́fà kò ní pàdánù omi ẹ̀rọ nítorí tèmi. Mo fẹ àyà, mo ní mẹ́jọ. Wọ́n ní ṣé yóò gba mẹ́jọ. Mo ní yóò gbà wọ́n, yóò tún ṣẹ́kù. Inú wọn dùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Tìjání tó ń gbọ́ wa láti ẹ̀yìn ọgbà kò fẹ́ kí n ju òun lọ, nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní méjìlá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, a jókòó, a ń rẹ́rìn-ín, a ní omi ẹ̀rọ ti dé.

Omi ẹ̀rọ sì dé lóòótọ́! Katapílà ló kọ́kọ́ dé. Ó pa gbogbo igbó rẹ́, ó la ọ̀nà láti títì Ìdọ̀fin títí dé iwájú ilé wa. Ibi tí ayùn ńlá máa ń ké sí, wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ilé oúnjẹ. Wọ́n kun ẹ̀rọ tó dípẹtà ní ọ̀dà funfun àti àwọ̀ ewé, ó dúró níbẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Òkìtì ìyẹ̀fun pákó tí gbogbo wa ń bú, wọ́n kó o sínú kòtò, wọ́n ní orí rẹ̀ ni àwọn tó ń fò yóò máa balẹ̀ sí. Wọ́n gbé tẹlifóònù sí ọ́fíìsì òyìnbó. Mo bẹ akọ̀wé tó wà nídìí rẹ̀ kó bá mi kí ọ ní Kàdúná. Ó ní tàwọn kò kọjá Ìlọrin. Mo ní kò burú, kó kí Ìlọrin, kí Ìlọrin bá mi kí Kàdúná, ṣebí bí a ṣe ń rán ọmọ níṣẹ́ nìyẹn. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Ìlọrin bá kí ọ, jẹ́ kí n mọ̀, torí ojú ọmọ yẹn kò jọ ti ẹni tó jẹ́ iṣẹ́.

Ohun kan wà tí n kò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á sọ fún ọ. Wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀ ìyá rẹ. Ibi tí ọ̀nà eré ti yí ló bọ́ sí gẹ́lẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ìlú wa fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní tí mo bá ní rárá, àwọn á wá ọgbọ́n mìíràn dá. Mo wo igi yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni Leah ìyá rẹ ti ń dín àkàrà fún àwọn òṣìṣẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni ìwọ ti kọ́ rìn, o sì mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí o bá ti ní kí n wá sí Kàdúná ni mo máa ń ní kí àgbálùmọ̀ ọdún yìí parí ná. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n bí a ó bá gé e, àwa la ó gé e. Èmi àti Tìjání gbé ayùn ẹlẹ́ni méjì jáde, èyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Ó fà, mo fà, ó ń bú mi pé mo ti rọ, mo ń bú u pé òun ló ń gbé ara lé mi. Nígbà tí igi wó, omi ń bọ́ lójú Tìjání. Ó ní ìyẹ̀fun pákó ló kó sí òun lójú. Mo ní tèmi náà. A la igi náà sí pákó, a kan bẹ́ǹṣì gígùn méjì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà eré ni wọ́n wà.

Ó wá di ọjọ́ tí eré ku ọ̀la. Mo ń yan iṣu jẹ, lọ́rì dúró níwájú ilé, ọmọbìnrin mẹ́jọ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú garawa àti àpótí, tísà wọn obìnrin kúnlẹ̀, ó ní Bàbá Ilésanmí, àwọn mẹ́jọ tí ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ ti dé. Iṣu bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ké sí Tìjání kó wá gbà mí, n kò mọ̀ pé ọkùnrin méjìlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ti sá wọ ilé ìgbẹ́, ó ní inú ń run òun.

Ẹní kan péré ló wà nílé. Mo tọrọ ẹní kiri ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ilé Lèmọ́mù. Mo kó mẹ́rin sí yàrá rẹ, mẹ́rin sí yàrá ìyá rẹ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbá àgbàlá, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti bi mí bóyá mo ní ìyàwó. Mo ní mo ń wá. Wọ́n ní àwọn ò ní ráàyè, eré làwọn wá sá.

Jẹ́ kí n sọ eré yẹn fún ọ bí mo ṣe rí i. Wọ́n fi ẹfun fa ọ̀nà mẹ́jọ sílẹ̀, ẹnìkan ò gbọdọ̀ gba ti ẹnìkejì. Mo bi tísà pé ṣé àwọn ọmọ yìí ń bára wọn jà ni. Ọkùnrin kan yin ìbọn sókè, n kò rí ẹran tó já bọ́. Tìjání, tí ariwo ayùn ti di létí kan tipẹ́, ní ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Eré kan wà tí ọmọ kan á gbé ọ̀pá kékeré, á sáré, á nà án fún ìkejì, ìkejì ò ní béèrè pé kí ni wọ́n ní kí n wí, òun náà á sá lọ, títí dé ọwọ́ ẹnì kẹrin. Mo tẹ̀lé wọn dé òpin láti mọ ẹni tí wọ́n ń jíṣẹ́ náà fún. Kò sí ẹnìkan. Gbogbo ènìyàn kàn ń pàtẹ́wọ́ ni.

Èyí tó kan àwọn ọmọ ilé wa ni pé wọ́n to ọgbà kéékèèké sí ojú ọ̀nà, wọ́n ní kí wọ́n máa fò ó. Mo lọ bá wọn gbé méjì kúrò, wọ́n lé mi. Badirat, ọmọ Ìlọrin kan tó ń sùn síbi tí o máa ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, òun ló wà níwájú gbogbo wọn. Mo ti ń pariwo pé ọmọ ilé mi nìyẹn. Ọgbà tó kẹ́yìn gbé e lẹ́sẹ̀, ó fi orúnkún gbálẹ̀, gbogbo wọn kọjá lára rẹ̀.

Ó wọ yàrá rẹ, ó kọjú sí ògiri. Tísà sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó sú u, ó jáde. Mo gbé omi gbígbóná àti òrí lọ, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà. N kò mọ ohun tí wọ́n ń wí fún ẹni tó ṣubú lójú eré. Mo ní láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò tíì bá ọgbà pàdé kí n fò ó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ikun nímú. Ó na ẹsẹ̀, mo fi òrí pa á. Ó wá bi mí pé yàrá ta nìyí. Mo ní ọmọ mi ni, ó wà ní Kàdúná. Ó ní ṣé ó máa ń wá. Mo ní ó ti pẹ́ díẹ̀, ó ní kò sí ènìyàn níbí mọ́. Ọmọ yẹn wò mí, ó ní ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ènìyàn ni.

Má bínú pé mo kọ ọ́. Èmi náà gbèjà rẹ, mo ní ọ̀nà ló jìn, mo ní ọmọ kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀. Òtítọ́ sì ni.

Wọ́n ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n Ìlagi kò padà sí bó ti wà. Ẹ̀rọ omi ń yọ níwájú ilé wa, àwọn obìnrin ń wá láti àárín ìlú wá pọnmi, wọ́n ń jà níbẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi. Mùfúlíátù tó wá dín iṣu fún àwọn eléré kò lọ mọ́, ó ti kọ́ àtíbàbà. Ilé mẹ́ta ni wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá nírọ̀lẹ́, èmi ni mo ń lé wọn, èmi náà ni mo ń pè wọ́n padà bí wọn ò bá wá.

Ọ̀rọ̀ Kàdúná wá dé. Igi ti lọ, n kò ní àwáwí mọ́, nítorí náà n óò sọ ọ́ bó ti rí. Kì í ṣe àgbálùmọ̀ ló dá mi dúró. Mo mọ̀ pé bí mo bá dé ilé rẹ, wàá fi ibi tí n óò sùn hàn mí, wàá fi ibi tí wọ́n ń wẹ̀ hàn mí, ọmọ ọmọ mi á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí, Àjọkẹ́. Níbí, èmi ni mo fi ibi tí wọ́n á sùn han ọmọ mẹ́jọ. Mo tẹ́ ẹní fún wọn, mo ṣí fèrèsé, mo ní ẹ káàbọ̀. Ọdún wo ni mo ti sọ irú rẹ̀ kẹ́yìn?

Nítorí náà, kí Adégbóyèga máa gbé píkọ́ọ̀pù bọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ àti àwọn ọmọ ni kó kó wá. Ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá wò ó tán, tí o ṣì ní ká máa lọ, n óò wọ ọkọ̀, n kò ní bá ọ jiyàn, Tìjání nìkan ni n óò bá jà díẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́.

Ẹ bá mi mú owó díẹ̀ wá, mo fẹ́ ra ẹní tèmi, kí n dá ti Lèmọ́mù padà. Bí Adégbóyèga bá ní kò sí, sọ fún un pé mo ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ewúrẹ́, n óò sì máa pè é sókè létí àwọn tó ń pọnmi.

Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí láti rí omi nílé, yóò dá tìrẹ sí láti rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ rẹ kò ní ya ẹni tó ń bi èrò lọ́nà ilé baba wọn. Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ọgbà kankan, ilé ọkọ rẹ á tù ọ́ lára. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Japhet Ilésanmí.

Mo gbàgbé: tísà tuntun kan fẹ́ gba yàrá rẹ, ó ní òun á máa san owó oṣù. Mo fún un ní ti ìyá rẹ. Mo ní èyí tó ní fèrèsé yẹn, ẹni tó ni ín ń bọ̀.