Ọkọ̀ Tí Ìwé Wa Ò Mọ̀

Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ

Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi múra ètò òní ní láíbìrì wa n'Ibà. Gbogbo ìwé tá a ní nípa Titanic, ọkọ̀ ńlá tó rì sínú òkun, ni mo tò sórí tábìlì. Àwọn ọmọ wá láti Okokomaiko, àwọn kan tiẹ̀ wá láti Navy Town.

Ìyá Ráfíù tó ń bá wa gbálẹ̀ jókòó sẹ́yìn wọn. Nígbà tí ọ̀gá wa ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sọ̀rọ̀, Ìyá Ráfíù dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkọ̀ tó rì lójú ọ̀sà wa níbí ńkọ́? Ọkọ mi wà nínú ẹ̀. Ṣé ó wà nínú ìwé kankan?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìtàn ńlá là ń sọ. Ẹ fi ti ọkọ̀ onígi yẹn sílẹ̀."

Àwọn ọmọ náà bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá Ráfíù rọra jókòó. Èmi tí máìkì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, mo lọ bá Ìyá Ráfíù, mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣí ìwé tuntun kan. Mo ní kí wọ́n sọ ti ọkọ̀ náà fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

"Làsísì lorúkọ ọkọ mi. Kọ ìyẹn ná."

Ènìyàn mẹ́jọ tó bá ọkọ̀ náà rì ni wọ́n dárúkọ, mo kọ gbogbo wọn. Mo lu òǹtẹ̀ láíbìrì mọ́ ìwé náà, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Titanic.

Tí ọ̀gá bá láyà, kó wá yọ ọ́ níbẹ̀ lójú mi.