Ìyá Rẹ Há sí Ìlú Iná

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọ̀gá Kékeré ńkọ́? Mo mọ̀ pé orúkọ tí o sọ ọmọ rẹ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwa ń pè é níbí nìyẹn, nítorí pé nígbà tí ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, kò sí ẹni tí kò rán níṣẹ́ nínú ilé yìí, títí kan èmi tí mo bí ọ. Ọlọ́run yóò dá gbogbo yín sí. Ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà, inú ilé ni ẹ ó wà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tí o ń ṣe, tí mi ò tíì mọ ohun tí ẹ ń kàn níbẹ̀ gan-an, kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Àwa náà wà. Orókún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò dí ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́. Ayùn mi tuntun ń gé pákó dáadáa. Bíríkìlà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ṣì ń da yanrìn sẹ́nu ọ̀nà mi, tí mo bá sì bá a wí, á ní afẹ́fẹ́ ni. Ìròyìn ilé kò jù báyìí lọ, àfi ti ìyá rẹ tí ó há sí ìlú iná.

Má fò sókè o. Bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ó jókòó sórí àga lẹ́yìn mi, ó ń mu tíì. Ara rẹ̀ wà níhìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ni kò sí níhìn-ín, ìdí tí mo sì fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn, nítorí pé ìwọ nìkan lo lè gbà á sílẹ̀.

O rántí síléètì onígíláàsì, èyí tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀, tí Ọ̀gá Kékeré fi sílẹ̀ fún un nígbà tí ìsinmi parí, pé kí àwọn méjèèjì lè máa pàdé nínú eré? Odindi ayé kan ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ rí bí àpótí: igi rẹ̀ bí àpótí, àgùntàn rẹ̀ bí àpótí, oòrùn pàápàá ní igun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ó hàn gbangba pé káfíńtà ló ṣe é. Èèyàn á gé igi, á walẹ̀, á kọ́lé, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, àwọn ẹni burúkú á jáde, ẹni tí kò bá ní ilé ti rí ogun. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ayé tiwa. Bí Ọ̀gá Kékeré bá ti ti ilé ìwé dé, á wọlé láti ọ̀dọ̀ yín, ìyá rẹ á wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n jọ kọ́, a ó sì máa gbọ́ ohùn ara wa nínú síléètì. Ìyá rẹ yìí, tí kò lè rìn dé géètì láì di ògiri mú, sáré ni ó ń sá níbẹ̀. Ó ń fò pẹ̀lú. Ojú mi ni mo fi rí i.

Ìgbà tó yá ni ọmọ rẹ ní òun fẹ́ mú màmá òun àgbà rìnrìn àjò lọ sí ayé kejì. Ó wá òkúta dúdú kan jọ, irú èyí tó máa ń jáde nígbà tí omi bá bá òkúta yíyọ́ pàdé, ó sì tò ó bí férémù ilẹ̀kùn. Mo wọ awò ojú mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Férémù náà dúró ṣánṣán, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí híńjì, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Mo ní kò sí oníbàárà tí yóò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá Kékeré ní kí n fara balẹ̀. Ó mú irin àti òkúta tí wọ́n fi ń ṣáná jáde, ó ṣá a sí ìsàlẹ̀ férémù, lójú ẹsẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò kún inú rẹ̀, tó ń rú bí omi tí ọmọdé ń fi igi rò. Wọ́n wọ inú rẹ̀, wọ́n dúró, síléètì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tí òòyì ń kọ́, ìyá rẹ di apá mi mú pinpin, kí a tó mọ̀, wọ́n ti dé ìlú iná.

Kò sí ojú ọ̀run níbẹ̀. Iná ló ń ṣàn bí odò. Bí o bá da omi sílẹ̀, ó ti gbẹ kí ó tó kanlẹ̀. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn ló ń gbé ibẹ̀, wúrà nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Bí o kò bá wọ wúrà, wọ́n á lé ọ, bí o bá dé fìlà wúrà, wọ́n á fi ọ́ sílẹ̀ kí o kọjá. Ìyá rẹ ní òun ti bá irú wọn pàdé ní ọ́fíìsì kan rí.

Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù lọ ni pé ìṣísẹ̀ kan ní ìlú iná, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni ní ayé tòkè. Ọmọ rẹ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ibi tí èèyàn ń lọ bá jìn, kí ó gba ẹnu ọ̀nà iná wọlé, kí ó rìn díẹ̀, kí ó to férémù mìíràn, kí ó jáde, ó ti débẹ̀. Mo bá ronú kàn ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa wálé, èsì rẹ ni pé ọ̀nà jìn. Ọmọ mi, ọ̀nà kan ò wọjà. Mo ti bá bíríkìlà sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò rẹ́rìn-ín, ó ní òun lè to òkúta dúdú náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi bí mo bá ti san àsansílẹ̀. Tìrẹ ló kù. Bẹ onílé rẹ kí ó fún ọ ní igun kan lẹ́yìn ilé. Kò gba àyè, kò ju ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ lọ.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí wàhálà fi dé. Ìyá rẹ àti Ọ̀gá Kékeré ṣì wà ní ìlú iná lọ́jọ́ kan nígbà tí a ṣàdédé rí i pé ọmọ náà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. A pè é títí, kò dáhùn. Ẹ̀yìn náà ni ìyàwó rẹ sọ fún wa lórí fóònù pé o gba síléètì ọmọ náà nítorí máàkì ìṣirò rẹ̀. Mi ò bá ọ jà. Mo mọ bí máàkì ìṣirò tìrẹ náà ṣe rí nígbà náà, èmi ni mo máa ń fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ wá wò ó pé kí òun dúró de ọmọ náà. Ó ní ẹni tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀. Ó gbé ibùsùn kan jáde nínú ẹrù rẹ̀, èmi ni mo kàn án fún un nínú eré náà, pákó dáadáa ni, irun àgùntàn dáadáa, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní kí òun dùbúlẹ̀. Ibùsùn náà bú gbàmù! Iná gba gbogbo ojú síléètì. Bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n, nítorí náà ìta ni mo ti bá ara mi. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyá rẹ ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkàn pupa kéékèèké tí í fi iye ẹ̀mí rẹ̀ hàn, ìdajì ọ̀kan ló kù. Férémù dúdú náà dúró, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti kú. Ẹnu ọ̀nà ti di férémù lásán.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ kò sọ fún pé ibùsùn mi bú mọ́ òun lára. Ẹnì kan tó wá gbé ibùsùn rẹ̀ bi mí bóyá kí òun gbé korobá omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òun bá fẹ́ sùn. Ìwọ náà sùn lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi títí o fi hu irùngbọ̀n, ṣé ó bú rí? Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún fóònù ṣe ló gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ó ní ibùsùn kankan kì í gba ìlú iná, ẹni yòówù kó kàn án. Ṣùgbọ́n òun náà ló tún ní kí n jẹ́ kí ìyá rẹ kú, pé yóò jí padà sílé, ẹrù rẹ̀ nìkan ni yóò ṣòfò. Mo bi í bóyá ìyá tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìyá rẹ kò sì gbà. Fìlà wúrà tí Ọ̀gá Kékeré dé fún un wà lórí rẹ̀, ó ní òun ò ní fi í ṣòfò.

Irin àti òkúta ìṣáná wà nínú ẹrù ọmọ rẹ, ọ̀kankan nínú wọn kò sí lọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Jọ̀wọ́, dá síléètì náà padà fún un, bó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó wá ṣáná sí ẹnu ọ̀nà fún ìyá rẹ. Lójoojúmọ́, bí ó bá ti tó àkókò tí ọmọ náà máa ń ti ilé ìwé dé, ìyá rẹ á tan síléètì, á dúró ti férémù yẹn, kò ní rìn, kò ní walẹ̀. Mo ní kí ó rìn yíká díẹ̀. Ó ní bí òun bá kúrò níbẹ̀, ọmọ náà lè dé kí ó má bá òun. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gidigidi, ó ń sọ èmi náà, ìwọ sì ní kò ní wá lọ́dún yìí nítorí lẹ́sìnnì.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fi owó dátà ránṣẹ́ sí wa, àti owó bátìrì síléètì, kò pẹ́ kú mọ́, àti àsansílẹ̀ bíríkìlà.

Mo ti fẹ́ fi lẹ́tà sínú àpò ìwé nígbà tí ìyá rẹ ní kí n kà á sí òun létí. Ó gbọ́ ọ títí dé ìparí, ó rẹ́rìn-ín sí mi díẹ̀, ó wá ní kí n yọ owó bíríkìlà kúrò. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ náà gba inú iná wá bá òun. Ó ní kí o fi í sínú mọ́tò, kí ẹ jọ máa bọ̀, kí ẹ gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà. Bí ọ̀nà náà bá jìn ní ìlọ́po mẹ́jọ, òun yóò retí yín ní ìlọ́po mẹ́jọ. Mo fa ìlà lé owó bíríkìlà lórí.

Nítorí náà, owó mọ́tò yín ni kí o wá o. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ̀nà yín, mọ́tò tí ẹ bá wọ̀ kò ní dá yín dúró, ayọ̀ ni ẹ ó gbé wọlé, ayọ̀ ni ẹ ó bá nílé.

Èmi ni bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní kí o sọ fún Ọ̀gá Kékeré pé òun ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.