Ẹni Tó Yọ Eyín Yín Wá Bẹ̀bẹ̀

Bàámi, olówó orí ìyá mi,

Ó wá. Àná, lẹ́yìn ìrun alásárì, dókítà eyín tó ṣáájú àwọn oníwàádìí yẹn wọ agboolé wa pẹ̀lú àwọn àgbà tó kó lẹ́yìn láti bá a bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n jáwọ́ nínú ẹjọ́ rẹ̀ tí mo fi sùn, kí n gbà pé kádàrá ló mú yín lọ. Mò ń kọ èyí sí yín kí inú mi tó rọ̀, nítorí mi ò fẹ́ kó rọ̀.

Bàámi, ẹ ò kúkú ṣàánú eyín yín rí. Bí ẹ bá ti wà nídìí òfì, àlùmọ́gàjí á wà létí itan yín, síbẹ̀ eyín lẹ ó fi já òwú. Màámi bínú sí i títí tó fi kú, ẹ̀rín lẹ máa ń fi dá a lóhùn, òwú á sì ṣì wà létè yín. Nígbà tí eyín inú lọ́hùn-ún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ fi kànáfùrù há a, ẹ fi ìborùn àtijọ́ màámi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ orí, ẹ tún jókòó ti aṣọ ìyàwó oníyàwó, ẹ ń hun ún. Mo fi yín rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, àánú yín sì ṣe mí.

Àsìkò yẹn ni àwọn oníwàádìí dé sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn á yọ eyín tó ń dunni lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì fi oògùn tuntun kan sójú ihò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mú egbò tètè jinná. Kò burú. Bí wọn ò bá dán oògùn wò, ta ló máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló sọ pé ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dá sí i, torí egbò kì í tètè san lára irú wọn.

Àtọ̀gbẹ sì wà lára yín. Èmi nìkan lẹ jẹ́ kó mọ̀. Ṣakí ni mo ti ń ra oògùn rẹ̀ fún yín kí ará Ìsẹ́yìn má baà rí mi, ẹ̀yin náà á sì lọ gbé e mì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n tò yín sórí bẹ́ǹṣì lójúde mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin àti àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ yín, àti Bàbá Olókè tó ti ń bá yín du oníbàárà láti ìgbà èwe. Ọ̀kan nínú àwọn oníwàádìí náà dúró síwájú, ó ń fi ohùn òkè bi yín níkọ̀ọ̀kan pé àìsàn wo ló ń ṣe yín. Níbo la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ara àgbà kì í ṣe aṣọ tí à ń sá síta. Bí ibà tilẹ̀ dá àgbàlagbà ibí yìí dùbúlẹ̀, tí èèyàn bá kí i, á ní òun dúpẹ́. Ẹ ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín. Bàbá Olókè náà ní kò sí. Gbogbo bẹ́ǹṣì ló ní kò sí! Ẹni tó ń bi yín sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó kọjá lọ.

Eyín jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, wọ́n ní ó máa ń wú bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Mo tún pè, wọn ò gbé e mọ́. Ìwú náà sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, itọ́ kò ṣeé gbé mì fún yín, ẹ wá ń fọwọ́ júwe sí mi pé kí n má sunkún. Nílé ìwòsàn ìjọba ni dókítà obìnrin kan ti sọ fún mi pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo láti orí ìka ì bá ti tú àṣírí àtọ̀gbẹ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín yín. Ó ti bọ́ sórí nígbà yẹn.

Lẹ́yìn fìdáù, gbogbo ìlú ní kí n gba kádàrá. Mo fẹ́ gbà á, lóòótọ́. Àfi ìgbà tí dókítà yìí pe ìpàdé ìdúpẹ́ sí gbọ̀ngàn ìlú, tó dìde pẹ̀lú kóòtù òyìnbó lọ́rùn, tó ní iṣẹ́ àwọn yọrí sí rere, kò sì sẹ́ni tó fara pa. Mo wà lórí ìjókòó, Bàámi, nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ṣé ẹ̀yin kì í ṣe ẹni ni? Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí a sin yín lọ. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó fún un láṣẹ láti dán oògùn wò lára èèyàn. Wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, wọ́n ní kó wá wí tẹnu rẹ̀. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ mí, mi ò tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Ojúde ni mo tẹ́ ẹ sí, mo sì ránṣẹ́ pe gbogbo ilé òfì àdúgbò. Dókítà dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Bàbá Alága ẹgbẹ́ ahunṣọ ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Ìyá Súkúrà, fọwọ́ wọ́nú. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra.”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní ìbéèrè kan péré ni mo ní kí n tó fèsì. Mo wá gbé ohùn sókè.

“Dókítà, àwọn àìsàn wo ló wà lára yín? Ẹ sọ ọ́ kí gbogbo wa gbọ́.”

Ó wo àwọn obìnrin tó dúró, ó wo Bàbá Olókè tó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó nu ojú.

“Mi ò ní nǹkan kan, mà. Ara mi le.”

“Ó dáa. Àwa náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Bàbá Alága dorí kodò. Ó dùn mọ́ mi, Bàámi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìgbà yẹn ni dókítà wá jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọkọ̀ àwọn lọ́jọ́ náà, pé èrò ló pọ̀ tí àwọn ò fi gbé e sọ̀. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, oògùn tó lè wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn á bá a lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Kó kọ́kọ́ dúró níwájú ìgbìmọ̀ náà, kó dárúkọ yín, kó sọ ohun tó ṣe yín, kí ojú tì í títí tí kò fi ní lè gbé orí sókè. Mi ò jáwọ́.

Ṣé ẹnu ṣì ń dùn yín lọ́hùn-ún? Ṣé ẹ ti rí màámi? Ṣé inú ń bí ẹ̀yin náà, àbí èmi nìkan ni?

Kí wọ́n tó lọ, Bàbá Alága ní ká ní ẹ̀yin ni, ẹ ò ní ṣe báyìí. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń dọdẹ tí iná rẹ̀ jó oko iṣu yín, ẹ dárí jì í, ẹ tún bù fún un nínú èbù yín. Ká ní dókítà bá yín nílé lánàá ni, ẹ̀ bá ti fà á dìde kó tó dọ̀bálẹ̀ tán, ẹ̀ bá ti ní kí n gbé omi tútù wá fún un. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é tí ẹ ò fi sí nílé mọ́. Èmi ló bá.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni.