Ọjọ́ Ìbí Tí Kọ̀ǹpútà Fún Mi

Ìṣẹ́jú-Mẹ́wàá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé yàrá tí o ń gbé kò jò mọ́? Tiwa náà dára, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ni kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní àìsàn kankan, òun ló ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun kí ọ, pé kí o máa jẹun lásìkò, kí o sì yé jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ ní àlọ àti àbọ̀, kí ó má jẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tí ojú mi ń rí, tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí ojú mi kò rí mọ́. Àmín.

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé. Mo dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè àlàáfíà rẹ, ṣùgbọ́n o kò dáhùn, ọ̀rọ̀ tìrẹ lo kàn ń sọ lọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀, n kò bínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Bí o bá rí i pé ìlà mi ń gun òkè, ojú ọ̀tún ló fà á, ó ti funfun bí ìgbà tí èèyàn bá mí sára dígí.

Ọ̀rọ̀ ojú yìí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ní oṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn kéde pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin ṣá ni. Èmi àti àbúrò mi káfíńtà jọ lọ forúkọ sílẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ní sùúrù, béèrè ọjọ́ ìbí mi. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kò burú, ó fò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi, òun náà kò mọ tirẹ̀, ó tún fò ó. Nígbà tí ìwé jáde, kọ̀ǹpútà ti fún àwa méjèèjì ní ọjọ́ ìbí: ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1970. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí, n kò tíì tó àgbà, kí n padà sílé.

Ọmọ mi, o ti ṣàlàyé èyí fún mi nígbà tí o wálé kẹ́yìn, tí a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo bi ọ́ léèrè irú iṣẹ́ tí o ń ṣe gan-an. O ní èdè kan wà tí ẹ fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kí àwọn ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ṣiṣẹ́, pé apá tìrẹ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ àti àkókò. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun tán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi lu agogo iléèwé, mo wá sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ mi ti gba ọ̀pá agogo lọ́wọ́ mi, ti kọ̀ǹpútà lòun ń lù. O ní èdè náà gbà pé ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1970 ni àkókò bẹ̀rẹ̀, pé láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sinmi. Ẹni tí kò bá sọ ọjọ́ kankan fún un, òdo ló máa kọ fún un, òdo náà sì ni ọjọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò mọ̀ pé èmi ni òdo ọ̀hún.

Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé ó ṣì í. Lórí ilẹ̀kùn kíláàsì àkọ́kọ́ ní iléèwé, wọ́n kọ 1970 sínú sìmẹ́ǹtì, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì náà, garawa méjì lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ jòjòló wo ló ń gbé garawa? Mo sọ èyí fún akọ̀wé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun gbà mí gbọ́, kọ̀ǹpútà ni kò gbà. Mo wá rò ó pé bóyá ọ̀gá yín lè ti ìbẹ̀rẹ̀ àkókò sẹ́yìn díẹ̀, ogún ọdún péré, kò lè ni wọ́n lára. Àbí o sọ pé àwọn tó ti wà ṣáájú, ẹ máa ń kà wọ́n padà sẹ́yìn láti òdo? Ìyẹn náà dára. Kí wọ́n kà mí padà sẹ́yìn, n kò kọ̀, kí wọ́n ṣá má kà mí kúrò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àbúrò mi. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti jáde ló ti ń pè mí ní ìbejì òun. Ẹni tí mo gbé pọ̀n, tí mo ń nu imú fún, kì í fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ìwọ ló ń pè mí. Lánàá ó jókòó sórí àga mi, ó ní kí n bu omi wá fún òun. Ìyá tó ń ta òwú lójú ọ̀nà náà ti dara pọ̀ mọ́ wa, akọ̀wé ní àwa mọ́kànlá ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà nínú ìwé òun. Mo ń ro ti ìyá tó bí wa, bí ìdí yóò ṣe dùn ún tó.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Akọ̀wé ní kí n fara balẹ̀, kí n ronú, kí n sọ ọjọ́ ìbí tó bá wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ mi, n kò lè tàn ọ́, ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi. Mo ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà yarí, ó ní kò sí oṣù kẹrìnlá, àṣé oṣù ló fẹ́ kí á kọ́kọ́ kọ. Ohun kan ṣoṣo tí èmi àti ẹ̀rọ náà ti fẹnu kò lé lórí nìyẹn, pé kò sí oṣù kẹrìnlá. Akọ̀wé yí i padà, ó béèrè ọdún, mo sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí.

Tìrẹ ni mo sọ. A ti di ẹgbẹ́ báyìí, èmi àti ìwọ, àbúrò mi sì ti di ẹ̀gbọ́n mi pátápátá, ó ti ń rán mi níṣẹ́.

Ṣé o mọ ìdí tí mo fi mọ ọjọ́ náà dé ìṣẹ́jú? Aago mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú méjì ni agbẹ̀bí gbé ọ jáde sí mi. Aago mẹ́jọ gééré ló yẹ kí n lu agogo, iléèwé kò sì ju òdìkejì ọ̀nà lọ. Mo gbà ọ́ mọ́ra, mo ń wo ìka rẹ, mo gbàgbé pé agogo wà láyé. Gbogbo ọmọ iléèwé dúró sínú oòrùn, ọ̀gá àgbà ń na ọrùn wo ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá lẹ́yìn aago mẹ́jọ kí agogo tó dún. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ ní Ìṣẹ́jú-Mẹ́wàá, orúkọ náà sì mọ́ ọ lára.

Èyí rán mi létí ọ̀rọ̀ kan. O ní wàá wálé ní oṣù karùn-ún. Mo tẹ́ ibùsùn rẹ, o kò dé. N kò bínú, torí mo rántí pé o ní nínú èdè yín, láti òdo ni ẹ ti ń ka oṣù, pé oṣù kìn-ín-ní tiwa ni òdo tiyín. A jẹ́ pé karùn-ún yín ni kẹfà wa. Mo ní àṣìṣe tèmi ni, mo tún ibùsùn tẹ́ ní oṣù kẹfà. Ní báyìí oṣù keje ń parí lọ, ìyá rẹ bi mí pé òǹkà wo ló tún kù. Mo ní bóyá o ti kọ́ èdè mìíràn.

Àwọn dókítà ń bọ̀ ní Tọ́sìdeè tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ, kẹjọ ti èèyàn, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé ní bí mo bá pàdánù wọn, òun kò mọ ìgbà tí wọ́n á tún wá, ojú òsì náà sì ti ń mú tirẹ̀ bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Ó ní ẹbí mi kan tó mọ̀wé, tí ìwé ìbí tirẹ̀ wà, lè wá kọ ọjọ́ ìbí mi sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i níwájú òun, ẹni náà ni yóò sì fà mí lọ́wọ́ wálé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, torí wọ́n á di ojú mi. Àbúrò mi ní òun á fọwọ́ sí i. Akọ̀wé ní ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ kò lè jẹ́rìí sí ti ẹlòmíràn. Inú mi dùn sí ìyẹn.

Ìwọ ló kù. N kò ní kí o parọ́. Ọdún kò ṣòro, ẹni tó gbé garawa méjì lọ́dún 1970 kò lè dín ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kà á padà sẹ́yìn láti orí ilẹ̀kùn iléèwé. Ọjọ́ ni kò sí. Èmi ni mo mọ tìrẹ, mo sì ti ń bá ọ tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Wá fún mi ní tèmi.

Bí o bá ń bọ̀, bá mi ra bátìrì fún aago ara ògiri, ó ti dúró sórí aago mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ń gbà á gbọ́ lóòjọ́. Mú owó díẹ̀ dání fún òògùn orúnkún ìyá rẹ, ohun tí agbára rẹ bá ká. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì, torí àwọn náà á béèrè ọjọ́ ìbí mi.

Bí o bá sì ń rò ó pé ọjọ́ wo ni wàá kọ, má ṣe dààmú. Ọjọ́ tí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ọjọ́ náà àti oṣù náà ni kí o kọ. Kí Ọlọ́run mú ọ délé láìfarapa, kí ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ojú mi méjèèjì wà níbẹ̀ láti rí ọmọ tìrẹ náà. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, má bínú sí awakọ̀. Mo ti mú kí gbogbo iléèwé dúró nítorí rẹ rí.

Èmi ni bàbá rẹ, tó tún jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ títí wàá fi dé.