Èmi ni mo so róbà ọmọ náà mọ́ òkúta, ìyàwó ọmọ mi ni wọ́n lé nílé

Gbólóhùn kan péré ni mo fi ba ilé ọmọ mi jẹ́, mo sì ti ń gbé e kiri láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta báyìí, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka pééjì yìí, ẹ bá mi fi sùúrù kà á dópin kí ẹ tó bú mi... tó bá yá ẹ lè bú mi, kò burú. Fúnra mi ni mo ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, pírámárì mẹ́ta ni mo kà mọ, bí ẹ bá rí àṣìṣe kí ẹ fò ó.

Kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, ahunṣọ ni mí ní Ìsẹ́yìn níbí. Kì í ṣe ahunṣọ ṣákálá o. Aṣọ òfì tí mo fọwọ́ ara mi hun ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti dé Mẹ́kà, àwọn ọba wà nílẹ̀ yìí tó jẹ́ pé tí wọ́n bá múra lọ́jọ́ ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ẹ ń wò. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ló ti kọ́ṣẹ́ yege lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ló ti ń bọ́ ìyàwó. Mi ò kàwé ṣùgbọ́n mo rán ọmọ níwèé. Àkọ́bí mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, òun ló sọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ kó ìdílé òun lọ sinmi ní Sansibá, erékùṣù kan tí òkun yí ká lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà, pé èmi bàbá òun náà á bá wọn lọ. Ìyàwó tèmi ní òun ò gun bàlúù láyé òun, ó dúró sílé. Àwa tí a lọ ni èmi, ọmọ mi, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn méjì. Ẹ jẹ́ n máa pe ìyàwó náà ní Ìyá Fárídà, kì í ṣe orúkọ ọmọ náà gan-an nìyẹn. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni, ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún mi ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Fárídà jẹ́ ọmọ ọdún méje, àbúrò rẹ̀ Hábíbù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Títí di òní ni àwọn èèyàn ṣì ń wá sí ìdí òfì mi pé, Bàbá, ẹ sọ ti Sansibá fún wa, kí lèèyàn lè fi ọmọdé ṣe níbẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ dáadáa. Mo máa ń ní ẹni tó bá lọ́mọ kékeré gan-an ló yẹ kó lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a lọ wo ìjàpá tó tóbi tó àdògán, Hábíbù ń fi ewé bọ́ ọ lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un. Lọ́jọ́ kejì wọ́n mú wa lọ sí oko kànáfùrù, ẹni tó ń mú wa kiri á já ewé, á ní kí àwọn ọmọ gbóòórùn ẹ̀ kí wọ́n sì dárúkọ ẹ̀, Fárídà mọ atalẹ̀, ó mọ kànáfùrù, wọ́n fi ewé àgbọn ṣe adé fún un. Lọ́jọ́ kẹta a wọ ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ pé gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa... èmi tí mo jẹ́ pé odò Ògùn ni omi tó tóbi jù tí mo mọ̀, mo dijú, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń fi iyanrìn mọ ilé. Nígbà tí wọ́n bá pe ìrun, a ó bá àwọn ará ibẹ̀ kírun, wọ́n á bọ̀ wá lọ́wọ́, ó dà bíi pé ilé la wà. Tí mo bá ti sọ ọ́ dé ọjọ́ kẹta, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ kẹrin nìyí... Ọmọ mi bá àwọn ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun láti lọ wẹ̀ níbi tí ẹja pọ̀ sí. Èmi, Ìyá Fárídà àtàwọn ọmọ wà létí omi. Omi ibẹ̀ kì í dúró sójú kan, tó bá yá á fà sẹ́yìn lọ jìnnàjìnnà, á fi iyanrìn sílẹ̀ gbalaja, tó bá tún yá á padà wá. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kọ àsìkò tó máa lọ àti àsìkò tó máa dé sí lójoojúmọ́. Mi ò lè ka òyìnbó tó wà níbẹ̀, mi ò sì ní kí Fárídà kà á fún mi, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ ọdún méje máa kàwé fún mi níwájú àlejò. Nígbà tí àkókò ìrun Àílà ọ̀sán tó, Ìyá Fárídà ní òun ń lọ kírun ní yàrá kí òun sì gbé oúnjẹ bọ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó Hábíbù, ẹ má jẹ́ kó wọ omi títí n ó fi dé.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá ó mọ iye ọmọ tó ti gba abẹ́ mi kọjá, ṣé ọmọ kan ṣoṣo ló wá fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ẹ má bínú sà, ó lọ.

Kò tíì dé yàrá tí Hábíbù fi bẹ̀rẹ̀ sí sunkún pé òun fẹ́ jókòó sínú róbà rẹ̀, róbà roboto tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, táwọn ọmọdé fi ń léfòó. Mo wo omi, kò dé orúnkún mi, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo gbé e sí i. Mo gba okùn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, mo so ó mọ́ róbà náà, mo wá ń wá òkúta tí n ó so ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òwú tí a ń hun máa ń gùn lọ síwájú wa nílẹ̀, a ó di ìdí rẹ̀ mọ́ pákó kan tí a gbé òkúta lé, kó lè máa fà á le. Bí a bá ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni pákó náà á máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Tí òkúta bá wúwo jù, òwú á já. Tó bá fúyẹ́ jù, aṣọ á dẹ̀. Ojú ni a fi ń wọn òkúta yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n tó mi ní gbogbo àdúgbò wa. Nítorí náà, èyí tó lè sún díẹ̀ ni mo mú. Òkúta ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wò ó, mo fi í sílẹ̀. Mo ní tí ìgbì bá fa róbà tí òkúta bá lóun ò sún, ó lè já okùn, ó sì lè já ọmọ ṣubú. Bí mo ṣe máa ń rò ó lórí òfì ni mo ṣe rò ó. Inú mi tiẹ̀ dùn sí ara mi. Fárídà dúró tì mí, ó ń wo bí mo ṣe ń ta kókó.

Kò jìnnà síbẹ̀, obìnrin ará ìlú náà kan ń kọ́ àwọn ọmọ àlejò bí wọ́n ṣe ń fi ewé àgbọn hun apẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Fárídà máa wo àbúrò ẹ̀, mo lọ wò ó. Nígbà tí mo rí bí ó ṣe ń hun ún, ọwọ́ ń yún mi. Mo jókòó, mo gba ewé, mo hun irú tiwa sí i. Àwọn òyìnbó dúró yí mi ká, wọ́n ń yà mí ní fọ́tò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́... n ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Fárídà wá, ó ní kí n wá wo Hábíbù. Mo ní mo ń bọ̀. Ó lọ, ó tún padà wá, ó fa apá ẹ̀wù mi, ó ní, “Bàbá, Hábíbù ti ń kéré.” Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní kó jẹ́ n parí etí apẹ̀rẹ̀ yìí ná. Mo sì parí ẹ̀.

Ìgbà tí àwọn èèyàn figbe ta ni mo tó gbójú sókè. Omi ti ń padà lọ sínú òkun, ó ti gbé róbà lọ síbi tó jìn, ìgbì ti dojú ẹ̀ dé. Ọlọ́kọ̀ kan bẹ́ sómi, ó fa ọmọ náà jáde. Lásìkò yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ ń ti yàrá bọ̀, híjáàbù ìrun ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ju abọ́ oúnjẹ nù, ó sáré wọ omi taṣọtaṣọ. Hábíbù pọ omi, ó sunkún, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò kú. Alihamdulilahi, kò kú. Kókó mi ò tú o. Nígbà tí wọ́n wọ́ róbà náà dé èbúté, okùn ṣì wà lára ẹ̀, òkúta ṣì wà nídìí okùn. Òkúta yẹn kàn ń sún lórí iyanrìn ni, ó ń sún díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ kó ṣe gẹ́lẹ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ọmọ mi dé, kí wọ́n tó gbé Hábíbù lọ sílé ìwòsàn, gbogbo èèyàn tó wà létí omi ló ti rí ìyá ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti yàrá. Ọmọ mi béèrè pé ta ló fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá Fárídà wò mí. Ó ń dúró dè mí kí n sọ̀rọ̀, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í nàka sí bàbá ọkọ rẹ̀ ní gbangba. Ọmọ mi náà wò mí. Mo wá ní, “Mo rò pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló wà.” Gbólóhùn tí mo ń wí nìyẹn. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tó ti jáde lẹ́nu mi.

Ìyá Fárídà fi ọ̀rọ̀ náà sínú títí a fi padà dé Èkó. Ibẹ̀ ló ti sọ òótọ́ fún ọkọ rẹ̀ nínú yàrá wọn, ọmọ mi sì gbé fóònù, ó pè mí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí sọ mọ́ yín o, ó ní ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ sómi. Ó dúró kí n fèsì. Mo ní Ọlọ́run á dárí jì í. Àbí ẹ rí irú ọkàn mi? Ọmọ mi ní Fárídà náà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ní òun ì bá gbójú fo àìbójútó ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè purọ́ mọ́ bàbá òun, òun ò lè bá a gbé. Ó dá a padà sí Àgọ́-Àrẹ láìsí ọmọ lọ́wọ́. Ìyàwó mi ló wà ní Èkó báyìí tó ń tọ́jú àwọn ọmọ, òun ló ń sọ fún mi lórí fóònù pé tí wọ́n bá ti bu omi ìwẹ̀ ni Hábíbù máa ń ké, tí á máa pe ìyá ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé fóònù fún Fárídà, á kí mi, Bàbá ẹ káàárọ̀, á sì gbé fóònù padà.

Mi ò sunkún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Mò ń jẹun, mò ń kírun, mò ń hun aṣọ, kódà iṣẹ́ mi ò burú. Ṣé ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú mọ́ ahunṣọ nídìí òfì tó bá ti jókòó pẹ́, tó fọwọ́ gbá a tí kò mọ̀ ọ́n lára? Gbogbo ara mi ló rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jókòó, mo máa ń sọ fún ara mi pé, ìwọ lo gbé ọmọ sómi... kò sí nǹkan kan tó ń mì nínú mi.

Bàbá Ìyá Fárídà pè mí lánàá. Ó ń bẹ̀ mí, ọkùnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó ń pè mí ní bàbá. Ó ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì á jókòó sí pálọ̀ mi, ọmọ mi náà á ti Èkó dé, pé èmi làwọn fẹ́ kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́, torí ọ̀rọ̀ mi nìkan ló máa gbà. Mo ní kò burú. Ó wá ní ọmọ òun ti gbà, torí kó lè rí àwọn ọmọ ẹ̀, ó máa kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wa, ó máa sọ fẹ́nu ara ẹ̀ pé irọ́ lòun pa mọ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kó sọ ọ́, kí n ní mo ti foríjì í, kó padà sílé ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀? Ṣé kò ní rọrùn fún gbogbo wa bẹ́ẹ̀? Tí mo bá sọ òótọ́, ọmọ mi ṣì lè pè mí ní bàbá? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ńkọ́, àwọn tó ń wólẹ̀ kí mi láàárọ̀? Àbí kí n pe ọmọ mi kó tó di ọjọ́ Àìkú? Mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, tó bá ní hẹ́lò, màá bi í nípa iṣẹ́. Òní ni Ọjọ́bọ̀. Tí ọmọ ọlọ́mọ bá kúnlẹ̀ síwájú mi tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé irọ́ lòun pa, ṣé kí n dá a dúró, àbí kí n jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀?